Wọ́n sọ mí di "bọ́ì" nínú bóòtù tí a jọ ra lórí Thames, ṣé kí n bínú ni àbí kí n rẹ́rìn-ín?

BabaTólú_Reading · Mọ́ńdè, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi lọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, torí orí yẹ̀yẹ́ gan-an lọ̀rọ̀ ọ̀hún dá lé.

Lọ́dún tó kọjá èmi àti ìyàwó mi ra ìpín kan nínú bóòtù ìgbádùn kan tó wà létí odò Thames, kò jìnnà sí Sonning. Ìpín mẹ́jọ ló ní, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tiẹ̀ tó ń lò ó láàárín April sí October, gbogbo wa la jọ ń dá owó àtúnṣe, owó insúránsì àti owó ibi tá a ń so ó mọ́. Ọkọ̀ náà dáa, ibùsùn wà, kíṣìnnì kékeré wà, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kì í yọni lẹ́nu. Àwọn tá a jọ ni ín, òyìnbó ni wọ́n pọ̀ jù, àwọn míì ti fẹ̀yìn tì, àti màmá kan ará Ìjẹ̀bú tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí. Wọ́n ní àṣà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní òfin o, àmọ́ wọ́n dì í mú ju òfin lọ. Ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní "cabin boy", ìyẹn ọmọ ọ̀dọ̀ inú ọkọ̀, títí ẹlòmíì á fi ra ìpín tiẹ̀. Bọ́ì ló ń po tíì fún gbogbo èèyàn lọ́jọ́ tá a bá pàdé láti fọ ọkọ̀, bọ́ì ló ń da kásẹ́ẹ̀tì tọ́ílẹ́ẹ̀tì (àpótí tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ń bọ́ sí) nù lọ́jọ́ náà, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àsíá ẹ̀yìn ọkọ̀, kó tó wọlé ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ gbá irin iwájú lẹ́ẹ̀mejì kó kí ọkọ̀ náà pé ẹ káàárọ̀ mà. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ìdílé tó kàn ní Fúráìdé, agolo bísíkíìtì gbọ́dọ̀ kún. Èyí tó wá le jù ni ìwé lọ́ọ̀gì. Ẹni tó bá lo ọkọ̀ máa kọ ibi tó dé síbẹ̀, wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́, ohun tó bàjẹ́, àmọ́ èébú ni ìdajì ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí tí wọ́n kọ nípa tèmi: "Bọ́ì tuntun ní òun ti rọ omi kún táńkì. A gbà á gbọ́. Ó ní láti jẹ́ pé ṣíbí ìmutíì ló fi rọ ọ́, ó sì sinmi láàárín."

Èmi rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, díákónì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, làwọn kan tí wọ́n jẹ́ àbúrò ẹ̀ ń pè ní bọ́ì.

Ó tún ku ọ̀kan. Tó bá di ìbẹ̀rẹ̀ April, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ̀ jáde, bọ́ì ló máa da ọtí sí imú ọkọ̀, díẹ̀ fún ọkọ̀, díẹ̀ fún odò. Ìyàwó mi ní ètùtù nìyẹn, ọwọ́ òun ò sí níbẹ̀. Kí lẹ rí sí i?


Ọmọ_Ẹ̀pẹ́ · Mọ́ńdè, 8:52 alẹ́

😂😂😂 Ẹ̀yin lẹ fowó ara yín ra iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tó bá kéré jù nínú ọkọ̀ apẹja ló ń gbọ́n omi, kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó dùn mọ́ ọn. Àmọ́ kò sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kó gbọ́n ọn o! Ẹ da ọtí yẹn jàre, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù sílẹ̀ fún èmi.


ÌyáÌbejì_Abingdon · Mọ́ńdè, 10:15 alẹ́

Bàbá Tólú, ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun. Kò tíì sẹ́ni tó kí yín.

Ìdílé mẹ́fà la ni tiwa, lókè Abingdon la ń so ó mọ́. Èmi àti ọkọ mi ti ṣe bọ́ì rí, àwa méjèèjì la jọ ṣe é, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ nílé ṣàlàyé ẹ̀ fún Màmá Tólú. Nínú agbo ilé, ìyàwó tó wọlé lónìí, tó bá ṣe ẹni ogójì ọdún, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti bí síbẹ̀ kó tó dé, ọkọ ẹ̀ ni. Kò ní pe ọmọ náà lórúkọ, ó máa wá orúkọ míì fún un, Eyínmẹ́nugún, Ìbàdíàrán, Adúmáadán, kí wọ́n ṣáà ti gbọ́ pé ó bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà ni. Tí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó òun ló máa jókòó ti abọ́ ìdọ̀tí kẹ́yìn, àwọn ìyálé á máa bú u tẹ̀rín-tẹ̀rín, tí àlejò bá wá bú u, àwọn ìyálé yẹn náà ló máa lé àlejò jáde. Ìyàwó ni yín nínú bóòtù yẹn sà. Ọjọ́ tí ẹlòmíì bá ra ìpín lẹ di ìyálé.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni pé kẹ́ ẹ ṣí ìwé lọ́ọ̀gì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ ka ti bí ọdún méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n ń bú ara wọn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹ èébú níbẹ̀, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, ẹ tún padà wá bá wa. Nínú tiwa, ẹni tó pẹ́ jù la ń bú jù. Bàbá náà ní òun mọ odò yẹn bí ẹní mọ ilé bàbá ẹ̀, àfi lọ́jọ́ kan tó gbé ọkọ̀ gun orí yanrìn níbi tí gbogbo máàpù kọ ọ́ sí pé omi ò jìn, ọkọ̀ jókòó pẹ̀sẹ̀. Látọjọ́ yẹn "Láńlọ́ọ̀dù" la ń pè é. Tó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ní mítìn ẹnì kan á ní ẹ dákẹ́, onílẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti ṣe káàdì tó kọ ọ́ sí o.

Àti pé ẹ mú nǹkan tiyín wọ inú àṣà náà, ẹ má kàn máa gba tiwọn. Tá a bá ń gòkè lọ sí apá Lechlade, a gbọ́dọ̀ gba abẹ́ afárá Osney l'Oxford. Afárá yẹn ò ga rárá, ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì mẹ́fà ló wà láàárín ẹ̀ àti omi, ìyẹn bíi mítà 2.28, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ti ń yí padà. Tiwa ń kọjá tá a bá ti ká táńpólì òkè wálẹ̀, ẹni tó ń wakọ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹrí ba. Lọ́jọ́ kan ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí dẹ́ẹ̀kì nígbà tá a débẹ̀, ó ní "Kábíyèsí o!" Wọ́n bi í pé kí ló ń ṣe, ó ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tó bá lè ní kí ọkọ̀ ńlá yí padà, ọba ni. Láti ìgbà yẹn gbogbo wọn ló ń dọ̀bálẹ̀ l'Osney, àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀, bàbá kan tí orúnkún ń dùn ní ìjókòó lòun máa jókòó kí ọba tòun, a ní kò burú sà, àgbà ni yín. Ó ti wà nínú ìwé ìlànà ọkọ̀ báyìí: "Osney: ẹ ká táńpólì, ẹ dọ̀bálẹ̀." Ẹni tó ń wakọ̀ nìkan ni kì í ṣe é o, òun ń tẹrí ba lásán.

Ti ṣíbí yẹn ńkọ́, ẹ má fẹnu dá wọn lóhùn. Ẹ má sì ṣàlàyé pé táńkì kún lóòótọ́, ẹni tó bá ti ń ṣàlàyé ti kú. Ẹ mú ṣíbí ìmutíì kan, ẹ fi okùn so ó mọ́ ẹnu ibi tẹ́ ẹ ti ń rọ omi, kẹ́ ẹ kọ bébà mọ́ ọn lára pé "Irinṣẹ́ oníṣẹ́ ni o, ẹ má mú un láìtọrọ."


Dékúnlé_Houston · Túsìdeè, 3:06 òru

Ẹ má bínú o, èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Níbi tí mo ń gbé yìí, tí aláwọ̀ funfun bá pe ọkùnrin dúdú ní "boy", kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá eré ni. Bí wọ́n ṣe ń pe bàbá arúgbó nìyẹn nígbà ẹrú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é lẹ́yìn tí ẹrú ti tán, kí wọ́n má bàa fi "Mr" síwájú orúkọ ẹ̀. Màmá Tólú ló tọ̀nà. Ìyá Ìbejì, àlàyé ìyàwó ilé yẹn dùn létí, àmọ́ àwọn ìyàwó yẹn ńkọ́, ṣé gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín dénú? Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹ̀rín bo ẹkún mọ́lẹ̀ ni, ẹ bi àwọn ìyá wa.

Sà, ẹ sọ fún wọn tààrà pé ẹ ò fẹ́ orúkọ yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́. Kẹ́ ẹ wá wo ojú tí wọ́n máa ṣe. Tí wọ́n bá ní ah ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, a ò mọ̀, ẹ bá wọn ṣeré lọ. Tí wọ́n bá ní ẹ ti le jù, eré lásán ni, ẹ ta ìpín yẹn.


BabaTólú_Reading · Túsìdeè, 7:30 àárọ̀

Dékúnlé, ìyàwó mi ní kí n kí yín, ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́n níbí 😀

Kí n fi kún un kẹ́ ẹ lè dá a dáadáa. Ẹni tó ṣe bọ́ì kí èmi tó dé, obìnrin òyìnbó kan ni, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. "Cabin boy" náà ni wọ́n pè é fún odidi ọdún mélòó kan torí kò sẹ́ni tó ta ìpín, wọ́n tiẹ̀ dá ẹ́púrọ́ọ̀nù kan fún un tí wọ́n kọ ọ́ sí láyà. Ọjọ́ tí mo sanwó pé, níwájú gbogbo wọn ló bọ́ ẹ́púrọ́ọ̀nù náà tó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó dì mọ́ mi, inú ẹ̀ dùn débi pé mo rò pé mo ti san owó jù. Okùn ẹ́púrọ́ọ̀nù náà ò yí ikùn mi ká.

Màmá Ìjẹ̀bú yẹn wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní "Dákun máa po tíì ẹ lọ. Nígbà tèmi, mo ju ata kan sí i, wọn ò ní kí n po ó mọ́."


Mọ́túnráyọ̀_Slough · Túsìdeè, 12:48 ọ̀sán

Ọmọ onípìn-ín ni mí o, kì í ṣe onípìn-ín, mi ò lówó 😂 Mọ́mì àti dádì mi jọ ni bóòtù kan pẹ̀lú àwọn ìdílé kan ní apá Maidenhead, inú ẹ̀ la dàgbà sí tó bá ti di sọ́mà.

Àṣà tiwa: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹyẹ apẹja aláwọ̀ búlúù yẹn kò ní fọ abọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ ẹlòmíì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i torí bọ̀dá mi ń parọ́. A gbọ́dọ̀ juwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tá a bá pàdé, tí wọn ò bá juwọ́ padà a máa kọ orúkọ ọkọ̀ wọn sínú ìwé kan. Lọ́ọ̀kì, ibi tí wọ́n fi ilẹ̀kùn sé omi láti gbé ọkọ̀ sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, 45 ló wà lórí Thames, ẹni tó kéré jù nínú ọkọ̀ ló máa kí ọ̀gá lọ́ọ̀kì ní "good morning sir" ní gbogbo èyí tá a bá dé, dádì ò gbà pé ká kàn juwọ́.

Bọ́ì tiwa ni àǹkú kan tó ti wà lẹ́nu ẹ̀ tipẹ́, ó ti mọ iṣẹ́ náà débi pé kò fẹ́ fi sílẹ̀ mọ́. Ní mítìn tó kọjá ó dìbò pé kí wọ́n má ta ìpín fún ẹnikẹ́ni.


Wálé_Norfolk · Túsìdeè, 9:20 alẹ́

Norfolk Broads, àwọn odò àti adágún kan ní ìlà-oòrùn England, ni èmi wà, kì í ṣe Thames, ẹ jẹ́ kí n sọ apá ibi tí kò dùn, torí ẹ̀rín ti pọ̀ jù níbí.

Àwa tá a jọ ra tiwa, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, ọ̀rẹ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. A ti ta ọkọ̀ náà báyìí, àwọn méjì nínú wa kì í kí ara wọn mọ́. Èébú kọ́ ló tú wa ká o. Ohun tí èébú bò mọ́lẹ̀ ni. Bọ̀dá kan wà tó máa ń dá ọkọ̀ padà nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì bá ti fẹ́ẹ̀ gbẹ tán. A sọ ọ́ ní "Ọ̀gbẹlẹ̀". Tó bá ti dé ibi ìpàdé a ó máa kọrin òjò, òun náà á máa jó sí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún un lójú ara ẹ̀ pé bọ̀dá, ẹ rọ epo, ó ń dùn wá. Ó rò pé eré là ń ṣe, àwa náà sì ń dibọ́n pé eré ni. Àfi lọ́jọ́ tí ìdílé kan gbé e jáde láìwo gẹ́ẹ̀jì, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lórí Breydon Water, ibi tí omi òkun ti ń wọlé tó ń jáde, tí omi ń fa ọkọ̀ lọ, ọmọdé wà nínú ẹ̀. Wọ́n rí olùrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ síra wọn lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èyí tó ti wà nínú wọn látọjọ́ pípẹ́ ni, ó kàn ń wá ọ̀nà jáde ni.

Nítorí náà Bàbá Tólú, bọ́ì kọ́ ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù. Ẹ wò ó bóyá àwọn èèyàn yẹn lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìfi àwàdà bò ó tó bá kan owó àti epo. Ìwé àdéhùn wà àbí kò sí? Tí ẹnì kan bá fẹ́ jáde, ta ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ìpín ẹ̀? Tí ẹnì kan bá fọ́ ọkọ̀, àpò ta lowó ti ń jáde?

Ìyá Ìbejì, àwa náà ní ọba tiwa o, afárá àtijọ́ ti Potter Heigham. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn tó háyà ọkọ̀ fúnra wọn wà á gba abẹ́ ẹ̀, àfi kí awakọ̀ tó mọ ibẹ̀ bá wọn wà á. Àwa ò dọ̀bálẹ̀, à ń di ẹ̀mí mú ni.


Fẹ́mi_Díákónì · Túsìdeè, 10:02 alẹ́

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ lórí bọ́ì, ẹ fò ti ọtí kọjá bí ẹni pé ẹ ò rí i. Díákónì fẹ́ da ọtí sódò. Ṣé ẹ ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ? Ohun tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ nílé la wá ń fowó pọ́n-ùn ra níbí. Sáàmù 107, láti ẹsẹ 23, ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn lórí omi ni. Ẹ kà á, ẹ gbàdúrà, ẹ wakọ̀ yín lọ.


Adéfúnkẹ́_Òṣogbo · Túsìdeè, 10:31 alẹ́

Fẹ́mi, ẹ rọra o. Ṣé kì í ṣe òyìnbó fúnra wọn ló ń fọ́ ìgò ṣanpéènì mọ́ imú ọkọ̀ tuntun, tí bíṣọ́ọ̀bù á dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdúrà? Kò sẹ́ni tó ní ètùtù ni. Ẹ gòkè dé Lechlade, ní St John's Lock, ìyẹn lọ́ọ̀kì tó wà lókè pátápátá, ẹ máa bá ère bàbá onírùngbọ̀n kan tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Bàbá Thames ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ṣe é fún Crystal Palace, ilé gíláàsì ńlá kan ní London, ní 1854, ní 1974 ni wọ́n gbé e wá síbi lọ́ọ̀kì náà. Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀, ọmọdé ń gun orí ẹ̀. Tó bá jẹ́ etí odò wa níbí lẹ ti rí i ni, ẹ ti sá.

Ọtí tíntín ò ṣe odò ní nǹkan kan. Ẹ má ṣáà da epo síbẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì ni o, epo pupa ni o, ìyẹn ni omi ò fẹ́.


ÌyáÌbejì_Abingdon · Wẹ́sìdeè, 6:55 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n là yín. Nínú tiwa Mùsùlùmí kan wà, kì í fọwọ́ kan ọtí rárá. Nígbà tó kan òun láti ṣe é, ó ju bọ́kẹ́ẹ̀tì sódò, ó bu omi Thames, ó rọra dà á padà síbi tó ti bù ú, ó ní "Ohun tí mo yá, mo ti dá a padà, kò sí gbèsè láàárín wa." Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́ títí. Láti ọdún yẹn kò sẹ́ni tó ra ọtí fún odò mọ́, Láńlọ́ọ̀dù nìkan ló ń ráhùn, òun ló sì máa ń mu èyí tó bá kù.

Wálé, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. A ní Ọ̀gbẹlẹ̀ kékeré kan lọ́dọ̀ wa náà, gáàsì ni tiẹ̀. Màá pè é lónìí.


Ẹńjíníà_Ṣínà · Wẹ́sìdeè, 1:17 ọ̀sán

Mọ́túnráyọ̀, 45 yẹn tọ̀nà tó o bá ka ti Richmond mọ́ ọn, ìyẹn wà níbi tí omi òkun ti ń wọlé, àwọn Port of London Authority ló ń bójú tó o. Láti Teddington gòkè dé St John's, 44 ni, ọwọ́ Environment Agency ni wọ́n wà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ bóòtù wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ba eré yín jẹ́ díẹ̀. Kò yẹ kí àwàdà kankan wọ inú lọ́ọ̀kì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ju okùn iwájú àti tẹ̀yìn yí òpó ká, ẹ di orí ẹ̀ mú, ẹ má so ó ní kókó láé. Mo wà lórí odi lọ́ọ̀kì kan tí ọkọ̀ kan ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń kọrin yẹ̀yẹ́ fún ẹni tuntun tó wà nídìí okùn ẹ̀yìn, ẹ̀rín ń pa òun náà, ló bá ta okùn ní kókó méjì kó lè ráyè juwọ́ sí wọn. Omi ń lọ sílẹ̀. Okùn náà kọ́kọ́ ń dún wìn-ìn, ó wá le tantan, omi ara ẹ̀ ń ta jáde, ìdí ọkọ̀ dúró sókè, imú ẹ̀ ń bá omi lọ, ẹ ń gbọ́ tí abọ́ àti ìkòkò ń ya lulẹ̀ nínú kíṣìnnì. Orin ti dákẹ́. Ọ̀gá lọ́ọ̀kì sáré ti ojú omi pa, ó ń pariwo kí gbogbo wọn kúrò nídìí okùn, torí tí okùn bẹ́ẹ̀ bá já ó lè gé èèyàn lẹ́sẹ̀. Ó dá omi padà díẹ̀díẹ̀ kí okùn tó dẹ̀. Ẹni tuntun ló jẹ̀bi lójú wọn, àwọn tó ń kọrin ló jẹ̀bi lójú tèmi.

Èkejì, bọ́ì tó ń da kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kó fọwọ́ kó tó jẹ bísíkíìtì. Omi odò náà, tí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín ẹ bò ó, ìtọ̀ eku ń gbé àrùn Weil wọ inú ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, mo ti bá aláàmù èéfín carbon monoxide tí wọ́n yọ bátìrì ẹ̀ fi sí rédíò kí wọ́n lè gbọ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gì pẹ̀lú ẹ̀rín. Láti April 2019 ọkọ̀ tó ní yàrá nínú tí kò bá ní aláàmù yẹn kò lè gba ìwé Boat Safety, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ ò léwu. Ọdún mẹ́rin ni ìwé náà ń lò, èéfín ò ní dúró dè é.


Mọ́túnráyọ̀_Slough · Wẹ́sìdeè, 1:40 ọ̀sán

Ẹ ṣé sà 🙏 dádì ló sọ 45 fún mi, màá lọ bá a jà.


Dékúnlé_Houston · Wẹ́sìdeè, 11:48 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé yẹn yí nǹkan padà díẹ̀. Díẹ̀ ni mo ní o. Òyìnbó tí wọ́n pè ní bọ́ì bọ́ ẹ́púrọ́ọ̀nù, ó lọ sílé, ó tán. Ẹni dúdú bọ́ ẹ́púrọ́ọ̀nù, ẹlòmíì tún lè pè é bẹ́ẹ̀ níbi tó ń lọ. Kò rí bákan náà.

Àmọ́ Ìyá Ìbejì ti fún yín ní èsì láìmọ̀. Ẹ gba iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ má gba orúkọ. Ẹ ní "Ìyàwó" ni kí wọ́n máa pè yín. Kí wọ́n máa fi ahọ́n jà á.


BabaTólú_Reading · Sọ́ńdè, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ lánàá, ojú mi rí nǹkan.

Ṣíbí náà ti wà lẹ́nu táńkì látọjọ́rú. Nígbà tí mo débẹ̀ lánàá, ẹnì kan ti kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gì: "A rí irinṣẹ́. A lò ó. Táńkì ti fẹ́ẹ̀ dé ìlàjì, ẹni tó bá kàn kó bá wa parí ẹ̀."

Ti orúkọ, mo sọ ọ́ bí Dékúnlé ṣe ní kí n sọ ọ́, mi ò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ dákẹ́ díẹ̀. Ẹni tó ń kó owó wa jọ ní òun ò ro ibẹ̀ rí, ó ní kí n jọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní àṣà ni, kò sóhun tó burú nínú ẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé yẹn ló dá a lóhùn kí n tó lanu, ó ní òun gan-an ò fẹ́ ẹ rí, òun kàn ń gbà á ni. Bàbá yẹn ṣì fajú ro nígbà tá a ń lọ, mi ò ní parọ́ fún yín. Màmá Ìjẹ̀bú wá ṣàlàyé ìyàwó ilé fún wọn, odidi ìdajì wákàtí, tíì tutù. Wọ́n ti ń pè mí ní "Ìyàwó" báyìí, àwọn kan ń pè é bí ẹni ń pe "yawn". Ìyàwó tèmi gan-an ní tó bá jẹ́ èmi ni ìyàwó, ọkọ lòun nìyẹn, òun ò ní fọwọ́ kan kẹ́tùlù níbẹ̀ mọ́. Ó jókòó lóòótọ́, ó ń na ìka sí mi pé ṣúgà ò tó.

Ti ọtí la ò tíì parí. Mo sọ ti omi tí wọ́n yá tí wọ́n dá padà fún ìyàwó mi, ó ní òun máa rò ó. Ẹnì kan nínú àwọn tá a jọ ni ọkọ̀ ní tí kò bá sí ọtí, òun ò wá.


Fẹ́mi_Díákónì · Sọ́ńdè, 5:44 ìrọ̀lẹ́

Ti omi yẹn dáa. Ẹ fi Sáàmù sí i.


Adéfúnkẹ́_Òṣogbo · Sọ́ńdè, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Fẹ́mi ti gbà 😂😂 ẹ bá mi ya fọ́tò ẹ̀.


Kúnlé_Windsor · Sọ́ńdè, 8:13 alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti Mọ́ńdè láìsọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìpín kan lọ̀ mí nínú ọkọ̀ kan ní apá ibí, ìdá mẹ́fà, owó ẹ̀ ò pọ̀ rárá, àwọn èèyàn náà sì dùn ún bá ṣeré. Ṣé kí n gbà á?


Wálé_Norfolk · Sọ́ńdè, 8:30 alẹ́

Owó ìpín kọ́ lowó, owó ọdọọdún lowó. Ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ìnáwó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn hàn yín, ìwé àdéhùn, ìwé insúránsì, àti ọjọ́ tí Boat Safety máa parí. Ẹ bi wọ́n ìdí tí ẹni tó ń tà á fi ń tà á, kẹ́ ẹ sì pe ẹni náà fúnra ẹ̀ lórí fóònù, ẹ má gba ẹnu àwọn tó kù nìkan. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ ka ìwé lọ́ọ̀gì.


Ẹńjíníà_Ṣínà · Sọ́ńdè, 8:41 alẹ́

Kí ẹ sì gbé e kúrò nínú omi kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá ní kò sídìí fún un, ẹ má rà á.